Orin Kọ̀ǹpútà Lẹ́yìn Ilé Alága

Sípíkà ni mo ń tún ṣe. Sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì, sípíkà mọ́sálásí, sípíkà ilé ọtí, ti àwọn tó ń polówó oògùn láti inú mọ́tò, gbogbo wọn ló ti gba ọwọ́ mi kọjá. Bí bébà inú rẹ̀ bá ya, màá bó o kúrò, màá lẹ tuntun sí i. Bí wáyà tín-ín-rín tó wé mọ́ ìdí rẹ̀ bá jó, màá tú u, màá sì fọwọ́ wé òmíràn, ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kejì, bí ẹni ń dirun fún ọmọ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àdúgbò Bọ́ládé ní Òṣòdì ni mo ti kọ́ ọ; Ìsọlọ̀ ni mo wá gba ṣọ́ọ̀bù sí, ní àdúgbò kan tí pápá ilé-ìwé ńlá wà láàárín rẹ̀.

Ìyá mi kò fẹ́ iṣẹ́ náà fún mi. Aṣọ ni òun ń tà ní ọjà Aswani láti ìgbà tó ti Ìsẹ́yìn dé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ti ń bá a na aṣọ sórí okùn kó tó mọ̀wé kà. Àyè tèmi náà ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí mo sọ pé sípíkà ni mo fẹ́ kọ́, ìyá mi ò bínú. Ó kàn bi mí bóyá mo ti rí ọkùnrin tó fẹ́ obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ń rùn gọ́ọ̀mù rí. Mo fẹ́ ọkọ, mo bí ọmọ mẹ́ta, ọwọ́ mi ò sì yé rùn gọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n títí ọlọ́jọ́ fi dé bá ìyá mi, kò fẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀bù mi rí. Ẹ̀gbọ́n mi tó jogún ìsọ̀ náà kò wá rí. A ò jà o. A jọ ń ṣọdún, a jọ ń ṣọ̀fọ̀, a jọ ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Iṣẹ́ mi nìkan ni a kì í mẹ́nu bà.

Ọmọbìnrin kan láti Èjìgbò ló gbé ọ̀rọ̀ orin kọ̀ǹpútà wá bá mi. Ó gbé sípíkà kékeré méjì wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, méjèèjì ti jó. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Mo bi í pé kí ló fi sípíkà ṣe tó fi jó báyìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sórí tábìlì mi, ó ní orin ni òun ń fi í ṣe. Kò sí ẹni tó ń kọrin nínú rẹ̀, kò sí onígìtá. Fóònù ló fi gba ohùn máṣíìnì ìránṣọ sílẹ̀ ní Aswani, ó gba ohùn reluwé tó ń kọjá ní Òṣòdì, ó gba ti ẹ̀rọ tó ń lọ ata, ó gé gbogbo rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó tún un tò, ó wá fi ìró ńlá kan sábẹ́ rẹ̀ tó ń lu èèyàn láyà gbì, gbì, gbì, láìsinmi.

Kí n má purọ́, ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé bí irú orin yìí bá pọ̀ nílùú, iṣẹ́ ò ní wọ́n mi. Ó tó ìgbà kẹta tó gbé e kí n tó ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ mi ń jó lábẹ́ tábìlì.

Látìgbà náà ló ti ń wá jókòó ti mi. Ó ń pè mí ní Ìyá Onísípíkà, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè mí. Nígbà tó yá ló sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe orin kọ̀ǹpútà fẹ́ ṣe àjọ̀dún ọlọ́jọ́ kan. Àwọn díjéè yóò wá láti ìlú mìíràn, àwọn kan yóò tòkè òkun wá. Etí òkun lọ́hùn-ún, ní Erékùṣù, ni wọ́n ti máa ń ṣe irú rẹ̀, fún àwọn tó ní mọ́tò tí yóò gbé wọn délé. Òun fẹ́ ṣe é níbi tí òun ti rí ohùn inú orin náà kó. Ilé-ìwé ti yọ̀ǹda pápá. Kánsù náà ò kọ̀, bí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò bá ti lè fọwọ́ sí i.

Ẹgbẹ́ onílé ni ọ̀rọ̀ há sí. Òṣìṣẹ́ reluwé tó ti fẹ̀yìntì ni Alága wa, ọkùnrin tí kì í pariwo, tó máa ń kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé. Fẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló pààlà ilé rẹ̀ àti pápá náà. Ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyàwó rẹ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ ò sì tíì bọ̀ sípò. Lójoojúmọ́ ni Màmá máa ń sùn láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí ariwo dà á láàmú.

Mo bá ọmọbìnrin náà lọ sí ìpàdé, kí ó má baà dá lọ. Ẹnì kan ní àwọn ọmọ ìta yóò rọ́ wọ àdúgbò. Ẹlòmíràn ní orin tí kò lẹ́nu, tí kò bá ẹnikẹ́ni wí, tí kò yin ẹnikẹ́ni, kò lè jẹ́ orin rere. Ìyá kan bèèrè bóyá òótọ́ ni pé ìhòòhò ni wọ́n ń jó o. Ọmọbìnrin náà fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó sọ Yorùbá. Ó sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni Alága yọ awò ojú rẹ̀.

“Ọmọ mi,” ó ní, “n kò kórìíra orin. Ìyàwó mi ló ń sùn lọ́sàn-án. Bí o bá mọ orin kan tí kò ní wọ yàrá rẹ̀, gbé ìwé wá, màá fọwọ́ sí i.”

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, torí ta ló fẹ́ dá ohùn dúró lẹ́nu ọ̀nà pé kó má wọlé? Èmi ò rẹ́rìn-ín. N kò mọ ìgbà tí mo dìde.

“Ó ṣeé ṣe, sà,” mo ní.

Alága bi mí pé ta ni yóò ṣe é. Mo ní èmi ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni a dán an wò. Wọ́n ti gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Mo kó sípíkà ńlá mẹ́rin lọ sí pápá, mo kọjú gbogbo wọn sí ọ̀nà márosẹ̀, mo kẹ̀yìn wọn sí ilé Alága. Lójú mi, ẹni tí a bá kẹ̀yìn sí, a ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Alága gbé kọ́ọ̀bù omi kan sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó rẹ̀, ó ní bí omi náà bá mì, orin ti wọ yàrá nìyẹn. Ọmọbìnrin náà tẹ orin. Èmi àti Alága àti ọkùnrin méjì nínú ẹgbẹ́ dúró yí kọ́ọ̀bù náà ká bí ẹni wá kí aláìsàn. Kò pẹ́ rárá. Omi ń gbọ̀n, gíláàsì ojú fèrèsé náà ń dún kẹrẹkẹrẹ.

Alága ò bá mi wí. Ó gbé kọ́ọ̀bù náà jáde, ó da omi rẹ̀ sídìí òdòdó, ó ní ká má bínú, a ti gbìyànjú. Ì bá sàn kó bú mi. Bí mo ṣe ń kó wáyà mi jọ, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ń sọ pé obìnrin yìí ti ki ọrùn bọ ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ọmọbìnrin náà. Mo dé ẹnu géètì, mo padà, mo bẹ Alága pé kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó wò mí títí, ó ní kò burú.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ṣiṣẹ́ tí ọkàn mi ò sí níbi iṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, mo ń so wáyà mọ́ sípíkà ilé ọtí kan, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, nígbà tí ohun kan sọ sí mi lọ́kàn. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ ní Bọ́ládé, ọ̀gá mi rán mi lọ so sípíkà méjì fún ṣọ́ọ̀ṣì kan. Mo ṣi wáyà ọ̀kan so, mo fi pupa síbi dúdú. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìsìn, béèsì, ìró ńlá ìsàlẹ̀ orin, ò dún. Ìlù ńlá ń lọ níwájú wọn, wọn ò gbọ́ ọ. Wòlíì ní ẹ̀mí kan ló gbé e mì. Ọ̀gá mi dé, ó mú mi dúró láàárín sípíkà méjèèjì, ó ní kí n tẹ́tí. Ó ṣàlàyé pé bí ọ̀kan ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ni èkejì ń fà á sẹ́yìn, tí wọ́n bá wá pàdé, wọ́n á jẹ ara wọn. Mo kọ́ ọ bí àṣìṣe. Látìgbà náà, ibikíbi tí mo bá ti bá a, àtúnṣe ni mo ń tún un ṣe.

Mo gbé irin ìjó-wáyà sílẹ̀. Bí àṣìṣe bá lè pa ohùn níbi tí a ò fẹ́ kó kú, kí ló dé tí kò fi lè pa á níbi tí a fẹ́ kó kú sí?

Mo pe ọmọbìnrin náà lórí fóònù, ó gun ọ̀kadà wá. Ní àgbàlá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, a to sípíkà mẹ́ta síwájú, a yí ọ̀kan kọjú sẹ́yìn, mo sì yí wáyà rẹ̀ padà. A tẹ orin. Mo rìn lọ sẹ́yìn. Béèsì ti rọ̀, ó rọ̀ dáadáa, àmọ́ kò tán, ó sì ti dín kù níwájú pẹ̀lú. Mo rò pé ibi tí agbára mi mọ nìyẹn. Ọmọbìnrin náà rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ní òun ti kà á rí pé àwọn òyìnbó ń ṣe nǹkan tó jọ èyí, ṣùgbọ́n kò yé òun títí di ìsinsìnyí tí òun fojú rí i. Ó ní ohùn iwájú ní láti rìn kó tó dé ẹ̀yìn, ti ẹ̀yìn sì ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Wọn ò pàdé ara wọn lásìkò. Ó tẹ nǹkan lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó dá ohùn sípíkà ẹ̀yìn dúró díẹ̀, ìdúró tí kò tó ìṣẹ́jú ojú. Lẹ́yìn náà ló tún orin tẹ̀.

Mo wà lẹ́yìn. Mo rò pé iná ti lọ ni. Mo bojú wo iwájú, mo rí i tí aṣọ tí ará ilé wa sá sórí okùn ń mì, tí ọmọbìnrin náà sì ń pariwo ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́. Mo rìn lọ bá a, ohùn náà sì kọ lù mí láyà bí ẹni ṣílẹ̀kùn. Mo padà sẹ́yìn, ó kú. Mo lọ síwájú, ó jí. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá, èmi àgbàlagbà obìnrin, tí mo ń sáré lọ sáré bọ̀ nínú àgbàlá. Nígbà tó rẹ̀ mí, a di mọ́ra wa.

Ó ku ohùn tín-ín-rín, èyí tó ń ta ṣàṣà lórí. Ìyẹn ò gbọ́ ti wáyà yíyí. Ohun tó nípọn tó sì rọ̀ ló lè dá a dúró, mo sì mọ ibi tí ohun tó nípọn tó rọ̀ pọ̀ sí. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Aswani.

Ó jókòó láàárín béèlì aṣọ, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo kí i, mo bèèrè àwọn ọmọ, mo wá ní mo fẹ́ yá béèlì, bí ogójì, fún ọjọ́ ìdánwò àti ọjọ́ àjọ̀dún.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?” ó bi mí.

“Ògiri,” mo ní.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un: Alága, Màmá, kọ́ọ̀bù omi, wáyà tí mo yí. Ó pẹ́ kí n tó ṣàlàyé tán, torí n kò bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rí láyé mi, n kò sì mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò dá mi lẹ́nu. Nígbà tí mo dákẹ́, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára, ó ní tìsọ̀ òun nìkan ò lè tó ogójì, àmọ́ òun yóò bá àwọn ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun sọ̀rọ̀. Ó ní kó ṣáà ti padà kí Túsìdé tó pé, torí ọjọ́ Túsìdé ni ọjà wọn máa ń kún jù. Ó ní òun yóò tẹ̀ lé ẹrù òun dé pápá fúnra òun, kí n má baà fi aṣọ oníbàárà nu òógùn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, a to sípíkà bí a ṣe tò wọ́n ní àgbàlá, a to béèlì sẹ́yìn wọn, Alága sì tún gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ sórí àpótí. A tẹ orin. Omi ò mì. Alága wọ awò ojú rẹ̀, ó tẹrí ba títí ojú rẹ̀ fi bá etí kọ́ọ̀bù dọ́gba. Ó dìde, ó jáde síta lọ wò ó bóyá lóòótọ́ ni a ń lu nǹkan kan. Ó rí àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ti ń jó lórí pápá. Ó padà wọlé, ó tún tẹrí ba. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n fún òun ní bírò. Àdéhùn rẹ̀ kò pọ̀: ọ̀sán gangan ni kí á bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni kí á parí, bí wọ́n bá sì pe ìrun, kí orin dákẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ni àjọ̀dún bọ́ sí. Àwọn tí wọ́n háyà sípíkà ńlá lọ́wọ́ wọn ti dé láti àárọ̀, pẹ̀lú sípíkà tó ga ju èèyàn lọ. Olórí wọn, ọkùnrin kan tó kó ẹ̀rọ sétí, wò mí nínú ìró àti bùbá tí mo fi ń ṣiṣẹ́, ó ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yí wáyà òun. Ó ní ta ni ìyá yìí. Ẹnu mi ń múra àtidáhùn nígbà tí ọmọbìnrin náà bọ́ síwájú. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n lọ́jọ́ náà.

“Ìyá yìí la fọkàn tán,” ó ní. “Bí wọn ò bá fọwọ́ kan sípíkà yìí, ẹ kó o padà, a ò ṣe é mọ́.”

Ọkùnrin náà yà fún mi. Mo yí mẹ́rin kọjú sẹ́yìn, mo yí wáyà wọn, ọmọbìnrin náà dá wọn dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ìyá Aswani ti to béèlì sẹ́yìn ìtàgé, ó ga ju fẹ́ǹsì lọ. Nígbà tí a dán an wò, mo rí olórí àwọn onísípíkà náà tó rìn lọ sẹ́yìn béèlì, tó dúró, tó padà síwájú, tó tún lọ. Ó ṣí fìlà rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, “Ẹ̀ńjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi.” Mo ní kó jẹ́ ká ṣe tọjọ́ náà tán ná.

Èrò wá o. Mo ti rí èrò ní Ìsọlọ̀, mo ti rí i ní Òṣòdì, ṣùgbọ́n èrò tó ń kọjá lọ síbòmíràn ni. Àwọn wọ̀nyí, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀. Wọ́n wá láti Festac, láti Yaba, láti Ìbàdàn, láti Kùtọnu. Àwọn òyìnbó bíi mélòó kan náà wà níbẹ̀ tí oòrùn ń pọ́n lójú. Wọ́n ń bèèrè ọ̀nà pápá wa lọ́wọ́ àwọn ọmọ àdúgbò, àwọn ọmọ sì ń mú wọn wá bí ẹni mú àlejò wọlé baba rẹ̀. Nígbà tí díjéè àkọ́kọ́ gbé orin sílẹ̀, ilẹ̀ pápá gbà á. Kò sẹ́ni tó wà nínú ìhòòhò. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n di ojú, wọ́n ń fò lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé okùn kan ló so gbogbo wọn pọ̀.

Nígbà tí wọ́n pe Àlàásárì, ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ kan sókè, orin sì dá. Gbogbo èrò náà dúró nínú òógùn wọn. Ohùn ládánì ta kọjá lórí wọn, àwa tó fẹ́ kírun sì bọ́ sẹ́yìn béèlì, a tẹ́ ẹní. N kò ní gbàgbé ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó wù mí bí orin.

Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló kàn lẹ́yìn ìrun. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn kan tín-ín-rín, tó ń sáré, tó ń dúró, tó tún ń sáré. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí béèlì kan tó ń ṣọ́ ẹrù rẹ̀. Mo rí i tó nà tàntàn.

“Máṣíìnì wa nìyẹn,” ó ní. “Àbí kì í ṣe òun?”

Mo ní òun ni. Ó tẹ́tí títí béèsì fi wọlé sábẹ́ ohùn máṣíìnì náà, tí gbogbo pápá sì ké. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó mú mi lọ́wọ́ lọ sí iwájú. Ẹ̀gbọ́n mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó jó títí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ kó sinmi. Láàárín ijó náà ló sún mọ́ mi létí, ó sọ pé ì bá wu òun kí ìyá wa rí èyí. Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

A ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo rí Alága tó ń la èrò bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó ń yára, awò ojú rẹ̀ wà lọ́wọ́. Mo ti ń wá ibi tí ọmọbìnrin náà wà kí n lè ní kó pa orin.

“Ó ti jí,” Alága ní.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọwọ́ sókè kí n dákẹ́, mo wá rí i pé ẹ̀rín ló ń dì í lẹ́nu.

“Ó sùn bó ṣe ń sùn. Ó wá jí, ó bi mí pé ṣé àwọn ọmọ yẹn ò tíì bẹ̀rẹ̀ orin wọn ni.”

Mo jókòó sílẹ̀ nínú koríko, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Nígbà tí wọ́n sọ fún Màmá pé ó ti tó wákàtí mẹ́rin tí a ti ń lù ú, ó ní irọ́ ni, kí wọ́n gbé òun lọ wò ó. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ arọ tì í wá, wọ́n sì fi agboòrùn bò ó ní ẹ̀gbẹ́ pápá, níbi tí ohùn ò ti le jù. Ó wo àwọn èrò náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu apá kẹ̀kẹ́ náà, ó sì bá orin mu gẹ́lẹ́. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ojú sókè ọ̀run, kí a má baà rí omi ojú rẹ̀.

Nígbà tí aago lu mẹ́fà ààbọ̀, orin dá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa títí apá fi ro wọ́n.

N kò ní sọ pé ohun gbogbo ló dára. Ìdí fẹ́ǹsì ilé-ìwé wó lápá kan, wọ́n fọ́ ìdérí gọ́tà kan, ọ̀rá omi sì kún pápá bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Àwọn ọmọ náà gbá a ní ọjọ́ kejì, a sì tún fẹ́ǹsì mọ, ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Onílé kan wà tí kò kí mi títí dòní. Ó ní àwa la sọ àdúgbò di ojúde. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ.

Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì, ẹgbẹ́ onílé ló kọ lẹ́tà sí ọmọbìnrin náà, pẹ̀lú ìbuwọ́lù Alága lábẹ́ rẹ̀, pé ìgbà wo ló ń bọ̀. Wọ́n la gọ́tà tó ti dí láti ìgbà pípẹ́ kí àlejò tó dé. Àwọn aránṣọ Aswani rán ẹ̀wù alárànbarà tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ wá sí pápá. Àwọn tó ní yàrá òfìfo gba àlejò sùn, àlejò òmíràn sì di ọ̀rẹ́ ilé. Àwọn tó háyà sípíkà fún wa fi méjì sílẹ̀ fún ilé-ìwé, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ bí orin kọ̀ǹpútà ṣe ń rí. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ kọ́ wọn ní ti wáyà. Ọmọbìnrin mẹ́fà ló wà nínú wọn, ọ̀kan nínú wọn sì mọ wáyà ìdí sípíkà wé jù mí lọ. Màmá ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Ó máa ń bi mí lẹ́nu géètì pé orin wo la tún ń pèsè.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn kan ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta. Àwọn náà fẹ́ ṣe irú àjọ̀dún wa, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló sì wà lẹ́bàá pápá wọn. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìyá kan wà ní Ìsọlọ̀. Èmi àti ọmọbìnrin náà jókòó síwájú mọ́tò lọ́jọ́ tí a ń lọ, láptọ́ọ̀pù lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, àpótí irinṣẹ́ lórí tèmi. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣáájú wa tó kó béèlì láti Aswani, ẹ̀gbọ́n mi sì wà nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Nígbàkigbà tí a bá dé ibi tí ọ̀nà ti yà, yóò na ọwọ́ rẹ̀ síta fèrèsé, yóò sì júwe ibi tí a ó gbà fún wa.